Ìwé Òkè-Ààlà

Kí Baba tó wá bá wa gbé, èmi pẹ̀lú Daddy àti Mummy nìkan la wà nínú fúláàtì wa ní Peckham. Àjà kẹta la wà, lórí ẹ́sítéètì kan tí kánsù ti wó báyìí, tí wọ́n ti kọ́ ilé oníbíríkì mìíràn síbẹ̀. Bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá lónìí, mi ò lè tọ́ka sí ibi tí fèrèsé wa wà mọ́, ṣùgbọ́n ariwo ilé náà kò tíì kúrò létí mi. Líìfìtì máa ń kérora kí ó tó gbéra. Àwọn ọmọkùnrin a máa gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri ìsàlẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi yọrí lójú fèrèsé tí yóò sì bú wọn. Ìyá arúgbó ará Jàmáíkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa a máa kọ orin ìjọ bó bá ń dín ẹja. Nígbà tí Baba dé, ìró tirẹ̀ kún un: ikọ́ rẹ̀ kí ó tó kírun àsùbá, omi àlùwàlá tó ń ṣàn láti inú kẹ́tùlù oníke sínú báàfù, àti ìdérí àpótí páànù rẹ̀ tó máa ń han gooro bó bá ṣí i.

Baba ni bàbá tó bí Daddy. Ojú ló gbé e wá. Awọ funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, ó sì ti pẹ́ tí Daddy ti ń wá ọ̀nà kí àwọn dókítà ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Camberwell lè bá a ṣí i. Yàrá mi ni wọ́n tẹ́ ibùsùn rẹ̀ sí. Inú mi kò kọ́kọ́ dùn sí i, nítorí wọ́n kó àwọn ọmọláńgidi mi lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, gbogbo yàrá sì ń rùn fún òrí tó fi ń para. Kò tún gbà kí n sọ Gẹ̀ẹ́sì sí òun. "Gẹ̀ẹ́sì, ibi iṣẹ́ ni mo ti lò ó, Àṣàkẹ́," ló wí fún mi lọ́jọ́ kìíní. "Mo sì ti fẹ̀yìn tì." Ṣídà ni wọ́n ń pè mí nílé ìwé, Àṣàkẹ́ ni oríkì tó sọ mí láti orí tẹlifóònù nígbà tí wọ́n bí mi, òun nìkan ló sì ń fi í pè mí. Bí mo bá fẹ́ kí ó dá mi lóhùn, àfi kí n wá ọ̀rọ̀ Yorùbá náà rí níbikíbi tó bá wà. Bí mo ṣe rí èdè tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, ẹyọ kan lẹ́yìn òmíràn, látẹnu ọkùnrin kan tí kò lè rí ojú mi.

Mummy a ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ láti lọ gbá ọ́fíìsì lódìkejì odò, yóò sì wọlé bí mo bá ń wọ bàtà ilé ìwé. Daddy ń wa bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ tó bá ṣiṣẹ́ àárọ̀, a ó jọ jẹun ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ tó bá ṣiṣẹ́ ọ̀sán, abọ́ rẹ̀ a wà lórí sítóòfù pẹ̀lú ìdérí. Iṣẹ́ tèmi ni láti gbá bákónì, láti ṣa ìrẹsì, àti láti bá Mummy gbé aṣọ lọ sí ilé ìfọṣọ ní ọjọ́ Sátidé. Mọ́ínmọ́ín inú agolo wàrà ni Baba fẹ́ràn jù lọ. A máa fi ọwọ́ kan agolo náà yíká kí ó tó bú u jẹ, bí ẹni ń kí i. Bí mo bá kánjú jẹun, a ní, "Rọra, ohun tí a kò bá lé kì í sáré." Nígbà náà, mo rò pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló ń sọ.

Akọ̀wé kánsù ni Baba nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ní Òkè-Ààlà, ìlú kékeré kan níbi tí ilẹ̀ Nàìjíríà ti pàdé ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dàhòmì láyé ìgbà yẹn. Ìwé ló kún inú àpótí rẹ̀. Ọ̀rinrin pọ̀ nínú fúláàtì wa, nítorí náà, bó bá di òwúrọ̀ Sátidé, a máa tẹ́ wọn sórí ibùsùn kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn. Kò nílò ojú láti mọ̀ wọ́n. A fi àtàǹpàkò ra etí ìwé, a sì sọ ohun tó jẹ́: èyí ni àwòrán ilẹ̀ tí àwọn òyìnbó yà, tí wọ́n fa ìlà pupa la igbó kọjá, èyí ni àkọsílẹ̀ ìpàdé kánsù àkọ́kọ́, èyí ni ìwé ètò ọjọ́ òmìnira, tí àwọ̀ ewé ara àsíá rẹ̀ ti ṣá di àwọ̀ omi. Mo ti fi àwọn ìwé náà han ẹnì kan báyìí, obìnrin kan tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́ ní yunifásítì. Ó wọ ìbọ̀wọ́ kí ó tó fọwọ́ kàn wọ́n. Mo rántí Baba tó ń fi àtàǹpàkò ra wọ́n lẹ́yìn tó ti fi ọwọ́ kan náà jẹ mọ́ínmọ́ín.

Ó sọ fún mi bí ìlú náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun ṣì kéré, ahéré bàbá òun nìkan ló wà níbẹ̀, nítorí ọdẹ ni bàbá náà. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sá bọ̀ láti ilẹ̀ Dàhòmì tó wà lábẹ́ Faransé, nítorí wọ́n ń fipá kó wọn lọ ṣiṣẹ́ ojú ọ̀nà, owó orí sì ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin kan yọ láti inú igbó pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, ọmọ wà léjìká, adìẹ wà nínú agbọ̀n. "Bàbá mi ní kí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀," ni Baba wí. "Kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n jọ ṣán igbó, wọ́n jọ gbẹ́ kànga." Láwàní ni ọmọ tó wà léjìká ọkùnrin náà. Òun àti Baba jọ dàgbà, wọ́n jọ lo síléètì kan nílé ìwé. Nígbà tí òmìnira ń bọ̀, ìjọba ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ ní kánsù tirẹ̀ sọ bí wọ́n ṣe dé orí ilẹ̀ wọn. Àwọn àgbà jókòó síwájú mọ́sáláṣí, Baba sì kọ ohun tí wọ́n sọ: pé ìdílé méjì ló tẹ Òkè-Ààlà dó, pé èkínní kò gbọdọ̀ pe èkejì ní àlejò láéláé. Bàbá rẹ̀ àti bàbá Láwàní tẹ̀ka sí i. Mo rí ìtẹ̀ka méjèèjì, dúdú, wọ́n fara kanra, bí ẹni méjì tó jókòó sórí ìjókòó tó fún wọn jù.

Baba fẹ́ràn láti máa sọ nípa ọjọ́ òmìnira. Wọ́n fún àwọn ọmọ ní kọ́ọ̀pù àti bisikíìtì. Òpó ọparun ni wọ́n fẹ́ ta àsíá sí, okùn há, Láwàní sì gun òpó náà pẹ̀lú agbádá lọ́rùn kí ó lè tú u. Baba máa ń rẹ́rìn-ín débi ikọ́. Ṣùgbọ́n bí ìtàn bá ti dé ibẹ̀, a pa àpótí dé. Mummy ló sọ ìyókù fún mi, lọ́jọ́ tí a jọ ń bó ẹ̀wà fún àkàrà. Ó ní òṣèlú ló pín wọn níyà. Baba wà nínú ẹgbẹ́ kan, Láwàní di ọ̀gá nínú èkejì, wọn kò kí ara wọn mọ́. Nígbà tí ìbò dàrú, tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé epo bẹntiróòlù kiri, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Láwàní wá dáná sun ilé Baba. Baba gbé ìyá rẹ̀ jáde. Ẹnì kan fa Daddy yọ, ọmọ kékeré ni. Aládùúgbò kan ju àpótí ìwé láti ojú fèrèsé, nítorí ó rò pé aṣọ ló wà níbẹ̀. Èéfín ti wọ ìyá Baba nínú, kò sì pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tó kú. Mo wá mọ ìdí tí Daddy fi ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn nínú ooru. Mo ti máa ń rí awọ apá òsì rẹ̀ tó rọ́ pọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fún tí wọn kò sá. Èrò mi ni pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni.

Inú àwẹ̀ ni àlejò kan wá bá wa. Mummy ń dín àkàrà, ògì wà nínú abọ́, oòrùn kò sì ní pẹ́ wọ̀, nígbà tí obìnrin kan kan ilẹ̀kùn, kóòtù wà lọ́rùn rẹ̀ lórí aṣọ nọ́ọ̀sì. Ó ní ilé ìwòsàn tó wà ní Camberwell ni òun ti ń ṣiṣẹ́, pé òun gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ Baba níbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò, òun sì tẹ̀ lé Baba dé ibùdókọ̀, ṣùgbọ́n òun kò lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó béèrè ibi tí a ń gbé lọ́wọ́ àwọn ará mọ́sáláṣí. Mummy rò pé ọ̀kan nínú àwọn èèyàn Baba ni, ó sì gbé àga fún un. Obìnrin náà kò jókòó. Ó kúnlẹ̀ níwájú Baba.

"Ta nìyẹn?" ni Baba béèrè.

"Bàbá, ọmọ Láwàní ni mí. Muínà."

Baba yí orí sí ibi tí ohùn náà ti wá. Epo ń ta lórí iná. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Muínà. Ìwọ lo máa ń ké bí wọ́n bá fẹ́ di irun rẹ."

"Èmi ni, sà."

"Jókòó."

Ó jókòó, ó sì sọ ohun tó gbé e wá. Ìjọba ológun ti dá ìjọba ìbílẹ̀ tuntun sílẹ̀ lágbègbè wọn, àwọn kan ní Òkè-Ààlà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya onílẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àlejò. Wọ́n ní ará Dàhòmì ni àwọn ará ilé Láwàní. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí ara ilé wọn, wọ́n sì ní kí bàbá òun padà sí ibi tó ti wá. "Arúgbó ni, Bàbá. Wọ́n gbé e wá síbẹ̀ kó tó lè rìn dáadáa. Kò mọ ibòmíràn. Ìgbìmọ̀ kan máa jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Ìwé ìtẹ̀dó tó wà ní kánsù ti jóná. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀dà kan tó kù."

"Ta ló dáná sun ti kánsù?"

Daddy ló béèrè bẹ́ẹ̀. A kò gbọ́ ìgbà tó wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Muínà tẹrí ba, nítorí gbogbo wọn mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ bàbá rẹ̀ kan náà ni. Daddy kò pariwo. Ó ní kí Mummy fún àlejò ní ohun tí yóò fi ṣínu kí ó tó máa lọ, ó sì yí padà lọ sí mọ́sáláṣí láìfi omi kan ẹnu.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Daddy ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì ní pálọ̀, Baba sì jókòó sẹ́bàá rédíétọ̀ tó ń mú ilé móoru. Mo wà lábẹ́ tábìlì pẹ̀lú ìwé ìyàwòrán mi, wọ́n sì ti gbàgbé pé mo wà níbẹ̀.

"Baba, ìyá yín ni wọ́n pa," ni Daddy wí.

"Mo mọ̀. Èmi ni mo gbé e."

"Ẹ wá fẹ́ gba Láwàní sílẹ̀. I don't understand it, Baba. Kò yé mi rárá."

"Kì í ṣe Láwàní ni mo fẹ́ gbà, Gàníyù. Mo kọ ìwé kan. Mo kọ ohun tí bàbá mi sọ lójú mi, ó sì tẹ̀ka sí i. Bí mo bá fi í pamọ́ nítorí pé inú ń bí mi, a jẹ́ pé ìbínú ni mo fi ń kọ gbogbo ohun tí mo kọ láyé mi. Ìwé kì í bínú."

"Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, Baba. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé."

"Òótọ́ ni," ni Baba wí. "Mi ò ní kí o gbàgbé."

Daddy fa wáyà áyọ́ọ̀nù yọ, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà bó ṣe gbóná, ó sì jáde. Fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan kò rí bákan náà láàárín Baba àti Daddy. Wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń jẹun lórí ẹní kan náà nígbà ìṣínu, Daddy ń gé ẹran fún Baba bí ó ti máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dárúkọ Òkè-Ààlà, ẹnì kejì a dìde lọ bu omi.

Mummy ló mú Baba lọ sọ́dọ̀ lọ́yà tí Muínà rí, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Yorùbá kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù kan ní Camberwell Green. Nígbà tí wọ́n padà dé, mo rí i pé nǹkan kò gún. Lọ́yà ní ìwé náà dára, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá ilé Láwàní yóò sọ pé afọ́jú kò lè búra lórí ìwé tí kò rí. Ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn tó gbé ìlú náà rí, tí kì í ṣe ará ilé Láwàní. Kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n mọ̀, àfi ọ̀kan. Baba kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ Daddy. "Ìyà rẹ̀ ni. Òun ló ni í." Mummy kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn sọ fún un bó ṣe ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n ń padà lọ, àti aago. Daddy bu òkèlè, ó ní ata ọbẹ̀ náà ti pọ̀ jù.

Ilé ìwé wà nísinmi lọ́jọ́ náà, nítorí náà wọ́n mú mi dání. Èmi, Mummy, Baba àti Muínà jókòó lórí àga oníke. Lọ́yà ti ń ka ohun tí Baba yóò búra lé nígbà tí a gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Daddy wọlé, ó kí Baba, ó fa àga kan, ó sì jókòó síbi tí kò ti ní máa wo ojú Muínà.

"Ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí kejì?" ni lọ́yà béèrè.

"Bi mí ní ohun tí o fẹ́ bi mí."

Lọ́yà bi í bóyá ó mọ ilé Láwàní. Nígbà tí Daddy bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí mo mọ̀. Ó di ohùn ìlú kékeré, bíi ti Baba. "Ilé wọn ni mo ti kéwú. Ẹ̀yìnkùlé wọn la ti ń ṣa àgbálùmọ̀. Bí òjò bá ká mi mọ́ ibẹ̀, ibẹ̀ ni mo ń sùn, ìyá Láwàní a sì da aṣọ rẹ̀ bò mí. Ìdájọ́ tó bá kan ìlú, wọn kì í dá a lẹ́yìn wọn. Kò sí ẹni tó pè wọ́n ní àlejò rí. Àwa ọmọdé kò mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà."

Lọ́yà kọ ọ́. Ó wá rọra béèrè bóyá ìjà kankan wà láàárín ìdílé méjèèjì.

Daddy tú bọ́tìnnì ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì ká a sókè títí dé ìgúnpá. Mi ò rí i kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ lójú àlejò rí. Ó na apá náà sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àwọn bàbá ńlá wa. "Kọ èyí náà," ó ní. "Kọ ẹni tó dáná, kọ ẹni tó kú. Kọ gbogbo ẹ̀ pọ̀. Mi ò ní fọwọ́ sí ìdajì."

Lọ́yà wo Muínà, nítorí òun ló gbé iṣẹ́ náà fún un. Muínà ń sunkún láìsí ìró. Ó fi orí júwe pé kí ó kọ ọ́. Lọ́yà kọ ọ́. Baba fi ọwọ́ wá ibi tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí, Daddy sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé e sí orí ìlà náà. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ sí tirẹ̀. Nígbà tí Muínà fẹ́ kúnlẹ̀ fún un, ó ní, "Dìde. Mi ò ṣe é nítorí yín." Ó sọ ọ́ láìsí ìkanra. Nígbà tí a ń lọ sílé, nínú bọ́ọ̀sì, Baba di apá tó jóná yẹn mú láti Camberwell títí dé Peckham, Daddy kò sì gbà á padà.

Ìwé náà dé Òkè-Ààlà. Ìgbìmọ̀ gbà á, wọ́n sì ní kí àwọn tó fi ọ̀dà pupa sára ògiri wá fi ẹfun kùn ún. Muínà wá sọ fún wa fúnra rẹ̀, Daddy sì fi orí dá a lóhùn láti ìdí tẹlifíṣọ̀n. Kò fẹ́ràn wọn, kò sì díbọ́n rí pé òun fẹ́ràn wọn. Mo ti dàgbà tó báyìí láti mọ̀ pé ìyẹn gan-an ló mú ẹ̀rí rẹ̀ wúwo. Nígbà tí ooru dé, wọ́n ṣí ojú Baba, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Àṣàkẹ́, o ga ju ohùn rẹ lọ." Kí òtútù tó padà dé, ó ti lọ sílé. Ó gbé àpótí náà sílẹ̀ fún Daddy.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Baba kú. Wọ́n ti sin ín kí Daddy tó dé, ó bá àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ohun tí ó sọ fún mi nígbà tó padà dé kò pọ̀. Ó ní èrò kún àgbàlá, àwọn ààfáà ti jókòó, nígbà tí òun rí arúgbó kan tó dúró sí ojú ọ̀nà lẹ́yìn òde pẹ̀lú ọ̀pá, tí kò wọlé. Àwọn èèyàn ní Láwàní ni. Wọ́n ní láti ọjọ́ iná yẹn, kò tíì tún fẹsẹ̀ kan àgbàlá náà, kódà nígbà tí Baba ránṣẹ́ pè é lẹ́yìn tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé. Ó máa ń dé ẹnu ọ̀nà, a sì padà. Daddy ní òun jókòó díẹ̀. Òun wá dìde, òun jáde lọ bá a, òun sì mú un lọ́wọ́ wọlé.

Mo bi í pé kí ni ó sọ fún un.

Ó ní òun kò sọ nǹkan kan. Ó ní gbogbo ọjọ́ ayé òun ni òun ti ń ro bí ọwọ́ ọkùnrin náà yóò ṣe rí, ohun tó sì ya òun lẹ́nu ni bí ó ṣe fúyẹ́.